Àtíbàbà Tó Di Ààlè

Ọkùnrin kan wà tí kì í fọkàn tán ohunkóhun láyé yìí àyàfi ọwọ́ ara rẹ̀. Sùbérù, gbé súpánà yẹn sílẹ̀ kí o gbọ́ ìtàn rẹ̀. Fìríìjì mi tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì kò ní sá lọ, mo sì ti rí i pé ọwọ́ rẹ ti ń wá ibi tí wàá ti tú gáàsì inú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́.

Àgbẹ̀ ni ọkùnrin yìí. Ilẹ̀ kan wà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àwọn àgbà ìdílé ti sọ ọ́ níṣojú gbogbo ẹbí pé bí òjò tó ń bọ̀ bá rọ̀ tán tí kò sí kòkó lórí ilẹ̀ náà, àwọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọbàkan. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá ló yàtọ̀. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ọbàkan ṣe máa ń rí. Bí àbúrò náà bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ọkùnrin náà á rò ó lọ́tùn-ún, á rò ó lósì, bóyá èpè wà nínú ìkíni náà.

Ọkùnrin náà gbin kòkó sínú ọ̀rá, ó tò wọ́n sẹ́yìn ilé. Ìyàwó rẹ̀ bá a ru erùpẹ̀, ó bá a pọn omi, àwọn méjèèjì sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé wọn lórí. Kì í ṣe òrùlé gidi. Bí èèyàn bá dúró lábẹ́ rẹ̀ tó gbójú sókè, yóò máa rí ojú ọ̀run fírífírí láàárín ewé. Ìyá ọkùnrin náà ti kìlọ̀ fún un kó tó kú pé, "Oòrùn ló ń wo ọmọ kòkó dàgbà, oòrùn náà ló sì ń pa á. Imọ̀ ọ̀pẹ tó wà láàárín wọn ni alárinà." Ọkùnrin náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò kà á sí. Nǹkan tí ojú ń là kọjá, kí ló fẹ́ dá dúró?

Àwọn ọmọ kòkó hù dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó rí ewé kan tí etí rẹ̀ ti gbẹ. Ewé kan péré ni, ẹlòmíràn ìbá já a sọnù. Ṣùgbọ́n ọbàkan rẹ̀ ti gba ẹ̀yìn ilé kọjá lánàá, ó sì ti dúró wo àwọn kòkó náà, ó ní wọ́n dára. Kí ló ń wò? Ta ló bi í bóyá wọ́n dára tàbí wọn ò dára? Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ọkùnrin náà.

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe lòun náà ṣe, ó pààlè. Ó wá kùkù àgbàdo, ó wá ìkarahun ìgbín àti àgékù ìgbálẹ̀, kí ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀ lè mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá òun. Ó wá ku ohun tí yóò fi so wọ́n pọ̀. Oko jìnnà, oòrùn sì ti ń mú. Ó nawọ́ sókè, ó fa imọ̀ kan yọ lára àtíbàbà, ó fi so wọ́n, ó sì gbé e kọ́ sí igun kan. Imọ̀ kan láàárín ọ̀pọ̀ imọ̀, ta ni yóò mọ̀?

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ewé tó gbẹ ti di púpọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti tẹrí ba. Ọkùnrin náà ní oníṣẹ́ ibi náà kò bẹ̀rù ààlè kan, ó fi òmíràn kún un, ó sì tún fa imọ̀ yọ. Bí kòkó ṣe ń kú ni ààlè ń pọ̀ sí i, títí ẹ̀yìn ilé fi dà bí ojúbọ òrìṣà tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé oòrùn ti ń ráyè wọlé sí àwọn ọmọ kòkó lára, kí ó jẹ́ kí àwọn tún àtíbàbà ṣe. Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó rántí pé obìnrin yìí ti bu ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ ọbàkan òun rí. Ó bi í pé ta ló rán an, èé sì ti ṣe tó fi jẹ́ oòrùn tí kò lẹ́nu láti fèsì ló ń dá lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà fara dà á. Nígbà tó sú u, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì pààlè sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Ó wá pinnu pé ojú ara òun ni yóò mú ọ̀daràn náà. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo ìlú ti wọlé sinmi, ó lọ lúgọ sáàárín àwọn ọmọ kòkó rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ fi ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Ó ní oògùn tí wọ́n dà síbẹ̀ ló ń mú òun. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀, nítorí ó rò pé òun ti rí ẹ̀rí.

Àsìkò náà ni ọbàkan rẹ̀ dé, ó ru ìdì imọ̀ ọ̀pẹ tútù lórí. Kò wọlé. Ó dúró sẹ́yìn àwọn ààlè, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà fò dìde, ó bi í pé kí ló wá ṣe. Ọbàkan ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ló ránṣẹ́ láti ilé bàbá rẹ̀ pé kí òun wá bá wọn bo orí kòkó. Ó ní òun ti wá títí, òun ti padà títí, nítorí òun kì í ṣe ẹni tí í rékọjá ààlè. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ má bínú o. Imọ̀ tí ẹ fi so gbogbo ààlè yìí, ibo lẹ ti rí i?"

Ọkùnrin náà wo ààlè tó wà lọ́tùn-ún, ó wo ti òsì. Ó wá gbójú sókè. Ojú ọ̀run tó máa ń rí fírífírí tẹ́lẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, oòrùn sì ń wo òun àti kòkó rẹ̀ láìsí alárinà kankan.

Ojú tì í púpọ̀. Síbẹ̀, ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀, ó kọ́kọ́ gbóòórùn imọ̀ tí àbúrò rẹ̀ rù wá kó tó gbà á. Àwọn méjèèjì bo àtíbàbà náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kòkó tó wà ní igun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó nìkan ló yè, òjò sì dé. Nígbà tó kó o lọ gbìn sóko, apá kan ilẹ̀ náà ló kárí. Àwọn àgbà ìdílé kò gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n gba apá kejì fún ọbàkan. Ohun tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun, ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbé e sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ padà wá, ṣùgbọ́n kòkó tètè jí ju ọ̀rọ̀ àárín wọn lọ.

Sùbérù, mo rí i pé o ń rẹ́rìn-ín. Má tíì rẹ́rìn-ín. Lánàá tí mo sọ fún ọ pé àtíbàbà kan wà lórí ayé yìí, o ní èmi tíṣà ti tún dé. O ní àwọn òyìnbó tó ń ta gáàsì tuntun ló hùmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, o sì bi mí pé ta ló gòkè lọ rí i. Mi ò bá ọ jà. Àwọn tó ti rẹ́ wa jẹ kò kéré, ẹni tí ejò sì ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n nǹkan náà wà. Òsóònù ni wọ́n ń pè é. Afẹ́fẹ́ ni, ó fẹ́lẹ́, ojú ń là á kọjá, ó sì ga ju àwọsánmà tó ń rọ òjò fún wa lọ. Oòrùn tó ń mú iṣu ta tó ń mú aṣọ gbẹ ní ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí. Èyí ló ń jó awọ ara títí yóò fi di jẹjẹrẹ, tó ń ba ẹyinjú jẹ́, tó ń ṣe ewé irúgbìn níkà, tó sì ń pa àwọn ohun tíntìntín tí ẹja inú òkun ń jẹ. Òsóònù ló ń gba èyí tó burú jù nínú rẹ̀ dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gáàsì inú fìríìjì àtijọ́ bí irú tèmi yìí, bí a bá tú u sílẹ̀, yóò máa rọra gòkè lọ títí yóò fi débẹ̀, yóò sì máa já a.

Àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan láti má ṣe gáàsì náà mọ́, àtíbàbà náà sì ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kù nínú àwọn irin ògbólógbòó ló wà lọ́wọ́ irú yín. O ní tìrẹ kò tó nǹkan. Imọ̀ kan láàárín ọ̀pọ̀ imọ̀, àbí?

Ṣìfáwù ọmọ rẹ ló jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Àfín ni, oòrùn kì í sì í ṣàánú rẹ̀. Mo mọ bí o ṣe ń ṣọ́ ọ. O ń fura sí àlejò tó bá wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. O kì í jẹ́ kó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. O ra fìlà gbàǹgbà fún un, o sì ń bá a wí bí kò bá wọ aṣọ alápá gígùn. Bàbá gidi ni ọ́, mi ò sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní sìlíńdà kan, àgbá irin tí wọ́n ń fa gáàsì sínú rẹ̀ kó má baà fò lọ. Lọ yá a wá kí o tó tú ohunkóhun lára fìríìjì yìí.

Ìfura loògùn àgbà. Bí o bá ti lò ó fún gbogbo ayé tán nítorí ọmọ rẹ, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọwọ́ ara rẹ.