Ibi Tí Òkun Ń Gbà Relé

Òwe kan wà tí àwọn ará Òpin-Ọ̀sà máa ń pa, tí àlejò kì í tètè lóye. Bí ọmọ tí ibà ń ṣe bá ti ń ké láti àárọ̀, tó wá dákẹ́ lójijì, ìyá rẹ̀ kì í sọ pé, "Ọpẹ́ ni, ó ti sùn." Yóò fò dìde, yóò gbé ọmọ náà sáyà, yóò sì wí pé, "Ibi tí òkun ti dákẹ́, ibẹ̀ ló ń gbà relé." Àlejò a máa wo ìyá, a máa wo ọmọ. Òkun ní ilé bí? Bó bá tilẹ̀ ní, kí ló kan ọmọ tó dákẹ́ ẹkún?

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ìfẹ́ ló bí i, kì í ṣe ìkà.

Erékùṣù tóóró ni Òpin-Ọ̀sà. Ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun wà níwájú rẹ̀, igi àgbọn ló kún àárín. Nígbà kan, apẹja kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Orímisàn. Ó fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ abúlé kan létí ọ̀sà lọ́hùn-ún. Wọn kò tíì bímọ tí ibà fi mú Orímisàn, ó sì kú lórí ẹní rẹ̀. Àwẹ̀ró wọ aṣọ dúdú, ó jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń ṣe opó.

Àṣà ilẹ̀ náà ni pé omi tí ọkọ fi bọ́ ìyàwó ni ìyàwó yóò fi wẹ opó kúrò lára. Òkun ló bọ́ gbogbo wọn. Nítorí náà, opó apẹja gbọ́dọ̀ wọ inú òkun tó orúnkún, kí wọ́n bọ́ aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n fi igbá da omi iyọ̀ sí i lórí. Bí kò bá tíì wẹ̀, kò gbọdọ̀ kúrò ní erékùṣù.

Ọjọ́ ìwẹ̀ Àwẹ̀ró bọ́ sí àárín òjò. Ní àkókò yẹn, ìgbì a máa ga bí òrùlé, a sì máa ya lulẹ̀ bí ẹni pé ààrá sán. Àwọn apẹja ti fa ọkọ̀ wọn sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, Akínṣọ̀wọ́n, gba orí ọ̀sà wá láti mú un lọ sílé. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló ń pọn Àwẹ̀ró kiri, ọkùnrin tó ń pọn ọmọ, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun nìkan ni Àwẹ̀ró ní. Òun náà kò sì ní ẹlòmíràn.

Nígbà tó dé etí òkun, tó gbọ́ bí ó ti ń hó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá, níbo lẹ ti fẹ́ wẹ̀ ẹ́?"

Ìyá Orímisàn na ọwọ́ sí Ẹsẹ̀-Àgbọn, níbi tí ìgbì ti ń ya lókèèrè, tí ìfófó funfun sì ń yí gbirigbiri bọ̀ wá sórí iyanrìn. "Níbẹ̀ yẹn. A ó di ara wa lọ́wọ́ mú."

"Nínú ariwo yẹn? Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní."

"Kí ìgbì yẹn tó dé ẹsẹ̀ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ la ti ń wẹ opó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wẹ èmi náà."

"Ẹ jẹ́ kí n wá ibi tó rọ̀ fún un."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé náà bá a ṣàwàdà. "Àna wa, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ omi í wẹ̀?"

"Ẹ lọ bi wọ́n létí ọ̀sà! Mo ti gbé ewúrẹ́ sórí, mo sì lúwẹ̀ẹ́ kọjá ọ̀sà, etí ewúrẹ́ ò tutù."

"Ewúrẹ́ náà ńkọ́? Ṣé ó dúpẹ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Wọn kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, inú Ìyá Orímisàn sì dùn débi pé ó fi etí aṣọ nu ojú.

Akínṣọ̀wọ́n ń rìn létí omi, ó ń wò. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó ń wá. Láàrin ibi méjì tí ìgbì ti ń ya, omi kan wà tó tẹ́jú, tó dúdú díẹ̀, tí kò hó, tí kò fò. Ó dàbí ọ̀sà ní ìdájí. Létí ọ̀sà, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ni pé kí ó máa tọ omi tó tẹ́jú. Ibi tí omi bá ti ń hunjọ, kùkùté tàbí òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn kò já Akínṣọ̀wọ́n kulẹ̀ rí. Ọ̀sà ló fi ka òkun.

"Ìyá, mo ti rí i! Ẹ wá wo omi bí omi inú àwo!"

Ìyá Orímisàn dé ibẹ̀, ó dúró. "A kì í wẹ̀ níbẹ̀."

"Kí ló dé?"

Ìyá mi orí. "A kì í wẹ̀ níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún wa."

"Ṣé òrìṣà ló ni ín?"

"Rárá."

"Ṣé ẹnìkan ti kú síbẹ̀ rí?"

"Ta ni yóò kú síbẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́?"

Akínṣọ̀wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò fẹ́ rí àgbàlagbà fín. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bó bá gbà mí, yóò gba àbúrò mi."

Ó bọ́ agbádá, ó wọ inú omi. Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìbàdí rẹ̀. Ìgbì kankan kò kàn án. Ó yíjú padà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Àwẹ̀ró, máa bọ̀! Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́!"

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Àwẹ̀ró mú igbá, ó sọ̀ kalẹ̀. Bí omi ti kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa ẹní lábẹ́ ẹni tó sùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iyanrìn ń lọ o!"

Ó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ohun tó sọ. Ohùn rẹ̀ ti jìnnà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wò ó dáadáa. Kò ju ọwọ́, kò ju ẹsẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó ń lọ.

"Àna wa, ó tó, ẹ máa bọ̀!" Wọ́n rò pé eré ni.

Wọ́n rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú rẹ̀.

Ó yí padà sí etí òkun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Á à, ó lúwẹ̀ẹ́! Ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, nínú omi jẹ́jẹ́ yẹn, omi jẹ́jẹ́ náà sì ń gbé e padà. Bàbá Àyẹdùn, olórí àwọn apẹja, ju àwọ̀n sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó sáré dé etí omi.

"Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́! Bọ́ sínú ìgbì! Ìgbì ni yóò gbé ọ wálé!"

Akínṣọ̀wọ́n gbọ́. Gbogbo wọn rí i pé ó gbọ́. Ó yíjú sí ìgbì funfun tó ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó, ó sì kọ̀ ọ́. Ta ni yóò fi omi tó dákẹ́ sílẹ̀ kó bọ́ sẹ́nu ààrá? Ó tún kọjú sí àbúrò rẹ̀.

Àwẹ̀ró ju igbá nù, ó sáré wọ omi. Ìyá Orímisàn di aṣọ dúdú rẹ̀ mú, àwọn obìnrin di Ìyá mú, wọ́n wọ́ wọn padà sórí iyanrìn. Àwọn ọkùnrin ń fa ọkọ̀ kan bọ̀ lábẹ́ àgbọn. Kí wọ́n tó fà á dé etí omi, kò sí orí tí wọn yóò wà á lọ bá mọ́.

Akínṣọ̀wọ́n kò ké rárá. Omi náà tẹ́jú, ó rẹwà, bí ẹni pé kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, òkun gbé e wá. Ẹsẹ̀-Àgbọn ló gbé e wá sí, nínú ariwo, ní ibi gan-an tí Ìyá na ọwọ́ sí. Ìgbì rọra tẹ́ ẹ sórí iyanrìn.

Àwẹ̀ró jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ìdí rẹ̀ fún un?"

"Ọmọ mi, n kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó sọ 'a kì í' fún mi kò sọ ìdí."

Bàbá Àyẹdùn wo ilẹ̀. "Àwa ọkùnrin mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Ibẹ̀ la ti ń ti ọkọ̀ jáde lẹ́ẹ̀rùn. A kì í tilẹ̀ wà á, omi náà ló ń gbé wa lọ. Gbogbo omi tí ìgbì ń kó wá sílẹ̀, ṣebí ó gbọ́dọ̀ rí ibi kan gbà padà. A kò rò pé ó yẹ ká sọ ọ́ fún ẹni tí kì í wọ ọkọ̀."

Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó wo omi títẹ́jú náà.

"Tó bá ń bọ̀ wá bá wa, ó ń pariwo," ni ó wí. "Ibi tí òkun ti dákẹ́, ibẹ̀ ló ń gbà relé."

Wọn kò bọ́ aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wọ̀ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ọ̀fọ̀ kejì parí, àwọn obìnrin mú un lọ sí Ẹsẹ̀-Àgbọn, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ìfófó funfun sì bò wọ́n dé orúnkún, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kò padà sétí ọ̀sà mọ́. Ibẹ̀ ló gbó sí, kò sì sí àlejò tó wọ erékùṣù tí òun kì í mú lọ sétí omi láti fi ibi tó dákẹ́ náà hàn án, láti sọ ìdí.

Nítorí náà ni ìyá ọlọ́mọ fi ń fò dìde ní Òpin-Ọ̀sà. Ọmọ tó ń ké ṣì ń bọ̀ wá bá wa. Ibi tí òkun ti dákẹ́, ibẹ̀ ló ń gbà relé.