Ọmọ Tí Ìbídùn Kò Lè Gbo

Kò sí ọmọ tuntun ní Ìdí-Àràbà tí Ìbídùn kò wẹ̀. Aṣọ kíjìpá ló ń hun, òfì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n ọmọ wíwẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Yóò fi epo pupa ra ọmọ lára, yóò fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn gbo ó títí ara rẹ̀ yóò fi máa dán. Ó dá a lójú pé ọmọ tí wọn kò bá gbo dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òórùn ni yóò máa ṣíwájú rẹ̀ wọlé títí ọjọ́ alẹ́. Bí ó bá pàdé ẹni tí ara rẹ̀ ń rùn lọ́nà, á yọ ṣùtì: "Èmi kọ́ ni mo wẹ èyí."

Nígbà tí Mopélọ́lá, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lóyún lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, Ìbídùn ti tọ́jú kàn-ìn-kàn-ìn tuntun kí ikùn tó yọ. Àmọ́ oṣù keje ni ọmọ dé. Ó pọ́n bí ọmọ eku tí kò tíì lajú, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n ó ń ké, ó sì ń wá ọmú.

Àwọn kan rò pé ńṣe ni àwọ̀ kàn bo ọmọ lára lọ́jọ́ kan bí ẹni da aṣọ bo àpótí. Irọ́ ni. Okùn tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n fi ń hun ún nínú ikùn ìyá. Àwọn okùn kan ń dì í mú kó má ya, àwọn kan ń jẹ́ kó nà kó sì sún padà. Ìpele òde, èyí tó le, tó ń lé omi sẹ́yìn, ló ń gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ọmọ tó bá dé ṣáájú oṣù rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì tán lára rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Ìbídùn?

Ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, ó mú kàn-ìn-kàn-ìn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," Mopélọ́lá ní láti orí ẹní.

"Rọra kẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé mo rọra wẹ̀ ẹ́ ni?"

Ìyá Èjìdé, aládùúgbò wọn, wà lẹ́nu ọ̀nà. "Àbájọ tí orí rẹ̀ fi rí gbágungbàgun."

Ìbídùn fi ọṣẹ kan kàn-ìn-kàn-ìn. Ó gbo apá ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, àwọ̀ tó tó èékánná tẹ̀lé kàn-ìn-kàn-ìn, ibẹ̀ sì pọ́n, ó ń sun omi. Igbe ọmọ náà pin sáàárín. Ìbídùn ju kàn-ìn-kàn-ìn sílẹ̀.

Mopélọ́lá wọ́ ara rẹ̀ wá láti orí ẹní, ó gba ọmọ rẹ̀.

"Ṣé kó wá máa rùn ni?" Ìbídùn ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìyá, bí wọ́n bá já kíjìpá yín lórí òfì nígbà tí ẹ ò tíì hun ún tán, ṣé ẹ ó gbé e lọ sódò lọ lù mọ́ òkúta?"

"Kí n lù ú? Ṣé kó lè tú ni? Màá dá a padà sórí òfì ni."

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Mopélọ́lá tẹ́ ọmọ náà sí àyà ara rẹ̀, ó fi ìró bò ó. "Òfì rẹ̀ rè é, Ìyá."

Láti ìgbà náà, Ìbídùn di olùṣọ́ ọmọ náà. Ìka kan ló fi ń ra òrí mọ́ ọmọ lára, òwú gbígbọ̀n ló tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Èjìdé nawọ́, ó gbá a lọ́wọ́. "Ọwọ́ rẹ le bí àpáàdì. Mú un mọ́ra."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kó má baà máa rùn?"

"Bó bá ń rùn, imú tèmi ni yóò gbọ́ ọ."

Egbò apá náà jinná. Oṣù tí ó yẹ kí wọ́n bí ọmọ náà pé, ara rẹ̀ sì kún. Ìbídùn bu omi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́. Omi ń yọ̀ bọ́ lára rẹ̀ bí ẹni da á sórí ewé kókò, ọmọ náà sì ń ta ẹsẹ̀. Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì wá pè é láti wẹ ọmọ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ́kọ́ ń sọ fún un, òun náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n sọ di òwe: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.