Ilé Tí Ọmọ Kọ́ fún Ìyá Rẹ̀ Létí Ọ̀sà

Ọkùnrin kan wà tí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ débi pé àwọn obìnrin àdúgbò ń fi í bú ọmọ tiwọn. Opó ni ìyá náà, etí ọ̀sà ni ó ń gbé. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, láàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tí ó dúró nínú omi, ni ó ń dẹ ìgèrè sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí títí wọn yóò fi dàgbà. Ẹja ibẹ̀ ni ó fi tọ́ ọmọ náà, kò sì sí ohun tí ó dùn mọ́ ìyá náà bíi kí ó lọ yọ ìgèrè rẹ̀ láàárọ̀.

Nígbà tí ọwọ́ ọmọ ròkè, ó ní ìyá òun kò ní gbé inú ahéré mọ́. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá náà, ó sì ránṣẹ́ pe katapílà. Ó ní kí wọ́n hú gbogbo igi ẹ̀gbà náà, kí ìyá lè máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó máa wo ọ̀sà. Ó da yẹ̀pẹ̀ pupa kún etí omi, ó sì kọ́ ilé tí ó jojú ní gbèsè sórí rẹ̀. Kò bi ìyá léèrè, ó fẹ́ kí ó yà á lẹ́nu ni. Ìwọ náà mọ bí àwa ọmọ ṣe ń ṣe.

Ìyá dé, ó jó, ó súre títí ohùn rẹ̀ fi há. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, kò sí gbòǹgbò tí yóò di yẹ̀pẹ̀ náà mú. Ó ṣàn sínú ọ̀sà, omi sì pọ́n bí epo. Ìyá dẹ ìgèrè, ẹrẹ̀ ni ó fà jáde. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan ọmọ wá kí i, ìyá sì gbé oúnjẹ fún un. Ọmọ tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní, "Màámi, ẹja inú yìnyín mà nìyí! Ẹja tiyín dà?"

Ìyá fọwọ́ pa á lórí. "Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi. Orí ilé àwọn ẹja lo kọ́ ilé mi lé."

Ọmọ náà sunkún. Ó fi òkúta di etí yẹ̀pẹ̀ náà, ó sì tún gbin ẹ̀gbà. Igi náà kò tíì ju orúnkún lọ. Ìyá ti darúgbó. Bóyá yóò tún fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹja níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀.

Àbúrò mi, ìwọ tí o ti ń bá oníkatapílà sọ̀rọ̀ nípa etí omi ìlú wa, a mọ̀ pé o fẹ́ràn wa, inú wa sì ń dùn sí ọ. Wá jókòó tì wá ná. Jẹ́ kí á sọ ohun tí a kò fẹ́ kí o fi ìfẹ́ gbà lọ́wọ́ wa.