Ẹni tó Kọ Orin Oyèdòkun

Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tó ní igba lòun gbin, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Oyèdòkun ń gbé àwo orin jáde n'Íbàdàn. Méjì péré nínú àwọn orin náà ló kọ fúnra rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló kọ ìyókù tó sọ ọ́ di olókìkí. Lórí rédíò, wọ́n bi í pé ta ló ń kọ wọ́n. Ó ní, “Èmi nìkan ni.” Mọrẹ́nikẹ́ gbọ́ ọ nílé, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí olórin ńlá kan wá bẹ Oyèdòkun lọ́wẹ̀ pé kó kọ orin tuntun fún òun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó ní sítúdíò láìrí ìlà kan kọ. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù: “Jọ̀ọ́, orin kan péré.”

“Ẹ ní ẹ̀yin nìkan ni. Ẹ kọ ọ́.”

Olórin náà gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.