Ọjọ́ Tí Akínṣípẹ̀ Lọ Wo Òkun

Kí ọ̀nà ọkọ̀ tó wọ ilẹ̀ wa rárá, ìlú kan wà lórí àpáta tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ìgbàrà. Ibẹ̀ ni Akínṣípẹ̀ ahunṣọ ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Fásànmí. Adẹ́mu ni Fásànmí nígbà tí ara ń bẹ, ṣùgbọ́n àìsàn kan tó jà nílùú ló gba ojú rẹ̀ méjèèjì nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Nígbà tí ìyá Akínṣípẹ̀ kú, ó ku baba àti ọmọ nínú ilé.

Akínṣípẹ̀ ló di ojú fún bàbá rẹ̀. Òun ló ń mú un lọ sí ìsun lọ wẹ̀, òun ló ń yọ egungun ẹja kúrò nínú ọbẹ̀ kó tó gbé e síwájú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Fásànmí á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kí lo rí?" Ọmọ á sì máa sọ fún un pé ìkúukùu ti bo àfonífojì, pé ewúrẹ́ ti gun orí òrùlé olórí àdúgbò, pé ìyàwó rẹ̀ ti ń lé e pẹ̀lú igi orógùn. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kí Akínṣípẹ̀ ráhùn rí. Síbẹ̀, ẹni tó bá wò ó dáadáa nídìí òfì á rí i pé ojú rẹ̀ a máa kúrò lára òwú lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí nǹkan kan ti ń dán yinrin ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Àwọn tó ti rìn jìnnà sọ pé òkun ni.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè iṣu, ìlú náà máa ń sinmi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ́, ahunṣọ kò sì gbọdọ̀ jókòó ti òfì, títí oṣù tuntun yóò fi lé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ìsinmi bẹ́ẹ̀, Akínṣípẹ̀ jí, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò ríṣẹ́ ṣe, ó sì dìde láìròtẹ́lẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ òkè."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni."

Fásànmí rẹ́rìn-ín. "Ó ti yẹ kí o ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Máa lọ. Tinúadé á fún mi lóúnjẹ ọ̀sán."

Tinúadé ni opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Akínṣípẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń jáde, òun ò ní pẹ́. Kò mú ju iṣu sísun àti agbè omi lọ.

Kò purọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ní lọ́kàn pé òun yóò padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀nà náà tutù, ẹyẹ ń ké, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò rìn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, kí ó máa gbé ẹsẹ̀ bó ṣe wù ú, láìfa ọwọ́ ẹnikẹ́ni, láìsọ pé, "Ẹ rọra, gbòǹgbò rèé." Ó rìn títí oòrùn fi dé àtàrí. Ó yẹ kó yí padà. Ó ní kí òun gun òkè kékeré tó wà níwájú yẹn ná. Nígbà tó gùn ún tán, ó rí odò kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ní kí òun sá dé etí odò. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ṣú bá a ní abà àwọn àgbẹ̀ kan. Wọ́n gbà á sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dípò kó kọjú sí òkè, gúúsù ló kọjú sí.

Ó la igbó kìjikìji kọjá, ó sì gba inú àbàtà tí gbòǹgbò igi ti ń yọ jáde nínú omi bí ìka ọwọ́. Kó tó rí òkun, ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìró kan tí kì í dá. Nígbà tó wá yọ sórí iyanrìn, tó rí omi tí kò ní òdìkejì, ó jókòó sílẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá mi ò," ó ní, "ibo ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó lè sọ èyí fún yín?"

Apẹja kan tó ń jẹ́ Ajímúdà ló bá a níbẹ̀. Ó mú un lọ sí ilé rẹ̀ tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi, ìyàwó rẹ̀ sì fún un ní òkèlè pupuru àti ẹja tútù. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ń wà á lọ lẹ́bàá etíkun. Akínṣípẹ̀ rí igi àgbọn tó tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ó rí ẹyẹ funfun tó ń já ṣòòrò sínú ìgbì, tó ń gbé ẹja jáde. Níbi tí odò kan ti ń dà sínú òkun, ó rí omi dúdú àti omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìdàpọ̀.

Ajímúdà gbé àjẹ̀ lé itan. "Àlejò mi, ta lo fi sílé?"

"Bàbá mi. Ojú wọn kò ríran."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ibí lo wà?"

Akínṣípẹ̀ ní, "Wọ́n mọ̀ pé mo jáde."

"Jíjáde yàtọ̀ sí kí èèyàn dé òkun."

"Mo mọ̀. Nítorí wọn gan-an ni mo ṣe ń wò ó dáadáa. Bí mo bá délé, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò bi mí. Ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń fa àwọ̀n ńlá jáde, n ó lọ lọ́la."

Ọ̀la dé, kò lọ. Ó ní kí òun rí bí ìjì ṣe ń jà lórí òkun, ó sì rí i. Ó ní kí òun rí ẹja tí wọ́n ní ó ń fò, ó rí ìyẹn náà. Oṣù tuntun lé lójú rẹ̀ lórí omi, ó sì mọ̀ pé àwọn ará ilé ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ kò lọ. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa dá a lẹ́bi. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, òkun á gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ajímúdà pẹ́ lójú omi. Akínṣípẹ̀ rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jókòó sórí iyanrìn, tí wọn kò ṣeré, tí wọn kò jẹun, tí ojú wọn kò kúrò lórí ìgbì títí ọkọ̀ bàbá wọn fi yọ. Bàbá rẹ̀ tó ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló wá sí i lọ́kàn. Kò dúró kí Ajímúdà tó gúnlẹ̀ tán tó fi dágbére fún un.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sinmi lọ́nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń tiro bọ̀. Nígbà tó gun àpáta dé òkè, ó bá ẹnu ọ̀nà wọn ní ṣíṣí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni níbẹ̀. Tinúadé yọ láti ilé rẹ̀. Nígbà tó rí i, kò kí i káàbọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá, bàbá mi ńkọ́?"

"Akínṣípẹ̀, ibo lo lọ?"

"Bàbá mi ńkọ́?"

Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ wá ògiri jáde lọ sí ibi tí ọ̀nà ti gun orí àpáta, tí wọ́n á máa tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, mo ti ìsun dé, mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n rin gbindin, wọ́n ń pe orúkọ rẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wọlé. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àpáta a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀, pé bí o bá ń bọ̀ lásìkò yẹn, ohùn àwọn ni yóò jẹ́ kí o mọ ibi tí o máa fẹsẹ̀ sí."

Akínṣípẹ̀ jókòó sílẹ̀ tì í.

"Otútù wọ̀ wọ́n lára. Ewé tí a mọ̀ la lò, kò ràn án. A dúró dè ọ́ títí a kò lè dúró mọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló bu yẹ̀pẹ̀ lé wọn."

Akínṣípẹ̀ bi í pé, "Ṣé wọ́n bú mi?"

"Ká ní wọ́n bú ọ ni, ì bá sàn fún ọ. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń sọ pé ọmọ burúkú ni ọ́, bàbá rẹ gbé orí sókè lórí ẹní, wọ́n ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní láti kékeré lo ti ń fa àwọn lọ́wọ́, pé ibi tí o dé ló dùn mọ́ ọ, inú àwọn sì dùn sí i. Wọ́n ní kí n má ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní bó ti wù kí ìrìn náà dùn tó, onílé yóò relé. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n dákẹ́."

Nígbà náà ni Akínṣípẹ̀ ké. Gbogbo Òkè-Ìgbàrà ló gbọ́ igbe náà.

Kò kúrò níbẹ̀ mọ́, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Bí àwọn èwe ìlú bá ní kó sọ bí òkun ṣe rí fún àwọn, á ní, "Omi ni," á sì tẹ orí ba sídìí òfì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rìnrìn àjò, Akínṣípẹ̀ á sìn ín dé etí àpáta, á sì sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn tó sìn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn káàkiri, tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí ẹnìkan bá pẹ́ jù lẹ́yìn odi, tí àwọn tó fi sílé sì ń wọ̀nà, àwọn àgbà á ránṣẹ́ sí i pé: àjò kì í dùn, kí onílé má relé.