Ká Wojú Ká Tó Dọ̀bálẹ̀

"Ká wojú ká tó dọ̀bálẹ̀." Òwe agboolé wa nìyí. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ojú ẹni tí a fẹ́ kí ni ká wò. Rárá o! Èmi Àkànjí telọ ni mo fa òwe náà, ojú sì ń tì mí díẹ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá mi fínra tipẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa lọ yẹ ojú wò lọ́dọọdún, bí mo tilẹ̀ ń ríran dáadáa. Mo ní, "Ojú tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ọnà sọ́rùn agbádá? Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?" Nígbà tí òwú kò wọ abẹ́rẹ́ mọ́, mo bú ẹni tó ṣe abẹ́rẹ́. Nígbà tí nǹkan dúdú ń fò níwájú mi, mò ń lé eṣinṣin tí kò sí. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, n kì í dá èèyàn mọ̀. Wọ́n wá ní mo ń gbéra ga, n kì í kí àgbà mọ́. Ni mo bá pinnu pé ohunkóhun tó bá ti dúró, màá kí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti Mojírádé ìyàwó mi lọ kí baba rẹ̀. Bí a ti wọ àgbàlá, mo rí Bàbá tí wọ́n dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo na gbalaja. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá!" Wọn ò dáhùn. Kí ni mo fi ṣe àna mi? Mo tún kí wọn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn mi, láti ẹnu ọ̀nà ilé:

"Àkànjí, ṣé o ń bẹ aṣọ mi kó tètè gbẹ ni?"

Agbádá ni, lórí okùn. Èmi náà ni mo sì rán an! Gbogbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín pa ara wọn. Mojírádé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí:

"Bàbá Ìbíyẹmí, tí ojú yìí bá lọ, kí lẹ fẹ́ fi ránṣọ?"

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ilẹ̀ mọ́, a gba ilé ìwòsàn lọ. Dọ́kítà kán oògùn sí mi lójú, ó yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú mi wò. "Ẹ̀jẹ̀ ti ń jò níbẹ̀, Bàbá. Èyí tó ti lọ lójú ọ̀tún kò lè padà mọ́. Tòsì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. A lè dì í mú." Wọ́n sì dì í mú. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun.

Ojú ara ẹni ni òwe náà ní ká wò. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tí àìsàn wà lára rẹ̀, tó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, tí kò fẹ́ lọ ṣàyẹ̀wò. Tí wọ́n bá ti pa á tán, wọn a wò mí, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in. Mo ṣì ń rí eyín wọn.