Ẹni Tó Di Iná Mú ní Ẹnu Ọ̀nà Lántóró

Nígbà láéláé, nígbà tí ilé ènìyàn kò tíì pọ̀ tó igi oko, ọmọńlé kì í gbé inú ilé rárá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìgbálẹ̀ lé e kiri lórí ògiri, ẹ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ èyí.

Ẹ̀yìn ọgbà ló ń gbé, lábẹ́ òkúta, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, alángbá. Ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ó bá fẹ́ gun ibi gíga, èékánná ló fi ń dì mọ́ ọn. Bí ibẹ̀ bá ń dán, yóò yọ̀ títí yóò fi balẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì rín in rẹ́rìn-ín.

Ẹyin méjì péré ni ọmọńlé máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Inú ilẹ̀ ló ń rì wọ́n sí, bí alángbá ti kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yé ẹyin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni òjò rọ̀, tí ìjàlọ jáde, àwọn èèrà dúdú tí wọ́n máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ ogun. Wọ́n tú ilẹ̀, wọ́n sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ìbànújẹ́ ńlá ni. Kò sí ìyá tó lè fara da irú rẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Nígbà tó yé ẹyin lẹ́ẹ̀kẹrin, ó fọ̀ràn lọ alángbá. Alángbá ní kí ó tún lọ rì wọ́n sínú ilẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá àwọn ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ìyá àwọn ṣe, àti pé ta ni ọmọńlé tí yóò fi sọ ara rẹ̀ di ọlọ́gbọ́n jù wọ́n lọ. Ọmọńlé kò bá a jiyàn. Ó rọra fi ẹnu gbé ẹyin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì forí lé ilé Lántóró.

Lántóró jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń rànwú. Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn ní abúlé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sí oríta. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kò ti tan iná mọ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, òun náà a wọlé, a jókòó sínú òkùnkùn. Àjọkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tan fìtílà, kí ilé lè jọ ilé. Níjọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Lántóró ní kí ẹni tí òkùnkùn òun bá ń dùn máa lọ síbi tí iná wà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó. Àjọkẹ́ lọ, ó sì di ọdún mẹ́ta tí kò padà wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọńlé dé ibẹ̀, Lántóró ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ tí Àjọkẹ́ rán sí i ni. Àjọkẹ́ ti bímọ. Yóò gba oríta kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, ọjọ́ mẹ́rin sí i. Ó ní bí òun bá rí iná lẹ́nu ọ̀nà ìyá òun, òun yóò yà. Bí òun kò bá rí i, òun yóò gba ilé àwọn àna òun lọ, òun kò sì ní yọ ìyá òun lẹ́nu mọ́ láéláé.

Ọmọńlé bá a níbi tó jókòó sí, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Àìsàn kan tó ṣe é kí Àjọkẹ́ tó lọ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá gbé a bọ́, ohun tó bá sì bọ́ a fọ́. Fìtílà ilé ti fọ́, àwo ti fọ́, ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá kò ní etí mọ́.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá," ni ọmọńlé wí. Ó tọrọ igun kékeré kan nínú ilé, ibi tí ilẹ̀ kò ní sí lábẹ́ àwọn ọmọ òun.

Lántóró wò ó títí. Ó ní òun mọ àbẹ́là ṣe, ìyá òun ló kọ́ òun. Ó ní kì í ṣe ẹyọ kan lòun fẹ́ tàn, òun fẹ́ fi ṣe gbogbo ilé lọ́ṣọ̀ọ́, kí ọmọ òun lè mọ̀ pé òun kò jókòó sínú òkùnkùn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òun gbé e lé ògiri, pẹ̀lú irú ọwọ́ yìí?

"Bí o bá bá mi gbé iná mi sókè," ó wí, "ibi tí iná mi bá wà, ibẹ̀ ni ìwọ àti ọmọ rẹ yóò wà."

Àdéhùn nìyẹn. Ọmọńlé fi òwú wé ẹyin rẹ̀, ó tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ àmù omi, níbi tó tutù, títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ọ̀dọ̀ oyin ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn oyin ti kó kúrò nínú igi àràbà kan tí ìjì wó, afárá wọn sì wà níbẹ̀ lófìfo. Ọmọńlé tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn. Ìyá oyin kọ́kọ́ bínú, nítorí ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ oyin, oyin ni wọ́n máa ń bá wá. Nígbà tó gbọ́ pé afárá nìkan ni wọ́n ń wá, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ni," ó ní. "Ẹ máa gbé e lọ. Ẹ ṣáà má fi dáná lásán. Ẹ jẹ́ kó tún di ilé fún ẹlòmíràn."

Lántóró se afárá náà nínú omi, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó sì jẹ́ kó tutù. Ìda dì sójú omi, ó rí pupa rúsúrúsú bí ẹ̀kọ àgbàdo pupa. Ó ran òwú lórí itan rẹ̀, ó gé e, ó yọ́ ìda náà lórí ààrò, ó wá ń ri òwú bọ inú rẹ̀. A rì í bọ̀ ọ́, a yọ ọ́, a dúró kó gbẹ, a tún rì í. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Ẹni tó bá kánjú, òwú ṣóńṣó ni yóò mú lọ́wọ́. Nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn àbẹ́là náà ní kókó níhìn-ín, wọ́n wọ́ lọ́hùn-ún, wọ́n jọ ẹsẹ̀ adìyẹ arúgbó. Ọmọńlé wò wọ́n, ẹ̀rín pa á. Lántóró náà wò wọ́n, ẹ̀rín pa òun náà. Ọjọ́ kìíní tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ ọjà, ọmọńlé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ sí ààyè wọn. Yóò fi ìda yíyọ́ díẹ̀ sára ògiri, yóò tẹ àbẹ́là mọ́ ọn, yóò dúró dì í mú títí yóò fi gan. Ó to mẹ́ta sí ara òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó to méjì sí ojú fèrèsé. Èyí tí Lántóró po osùn mọ́, tó pọ́n dáadáa, ó gbé e sí òkè ẹní tí Àjọkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ yóò jókòó lé. Wọ́n da díẹ̀ nínú ìda tó kù sínú ìkarahun ìgbín mẹ́fà, wọ́n sì fi tẹ́ ẹ̀bá ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé ààrò. Ilé tí àwọn ọmọdé máa ń sá kọjá, kí ẹ rí i lọ́jọ́ náà! Ó rẹwà débi pé Lántóró jókòó, ó kàn ń wò ó.

Ẹyọ kan ló kù, èyí tí yóò wà ní àtẹ́rígbà, lókè ẹnu ọ̀nà gan-an. Òun nìkan ni ojú lè rí láti oríta.

Ìgbà náà ni òjò dé. Òjò náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó pa àtẹ́rígbà, igi náà sì mu omi yó. Ìda kì í lẹ̀ mọ́ igi tútù. Ọmọńlé tẹ àbẹ́là náà mọ́ ọn, ó bọ́. Ó tún un tẹ̀, ó tún bọ́. Alángbá ń kọjá lọ síbi tí yóò ti yá oòrùn tó kù, ó gbórí sókè wò ó.

"Àbúrò, sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn," ó ní. "Kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ wọn? Ìda gbígbóná á bó ọ lára."

Ọmọńlé ní kó jọ̀ọ́, kó gòkè wá bá òun nu igi náà gbẹ. Alángbá ní oòrùn ń lọ, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ojú ọ̀run ń ṣú. Kò sí àkókò mọ́ tí igi náà yóò fi gbẹ. Ọmọńlé tan àbẹ́là náà lára ọ̀kan tí wọ́n ti tàn ní fèrèsé, ó gbé e gun àtẹ́rígbà, ó fi èékánná kọ́ igi, ó sì gbá a mọ́ àyà. Bí igi kò bá gbà á, òun yóò gbà á. Ìda gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í kán lé e lọ́wọ́. Ó ta á lára gidigidi, ó fi eyín pa eyín. Ìda náà ń ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ooru rẹ̀ fa omi ara igi gbẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì mú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tí kò fi yọ̀ mọ́.

Láti òkè ibi tó wà ló ti rí wọn. Ìjàlọ ti jáde. Wọ́n gba abẹ́ ògiri ẹ̀yìn wọlé, wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n sì kọjú sí ìdí àmù.

"Ìyá," ó wí, "ìjàlọ ti wọlé. Ẹ bá mi gbé àwọn ọmọ mi."

Lántóró na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé. "Ọwọ́ yìí? Kí ló gbé rí tí kò fọ́? Sọ̀ kalẹ̀ wá gbé ọmọ rẹ. Jẹ́ kí iná kú. Èmi ni mo ba tèmi jẹ́, kì í ṣe ìwọ."

Ọmọńlé wo ìdí àmù, ó wo oríta. Obìnrin kan dúró níbẹ̀, ó pọn ọmọ. Kò wá, kò sì lọ.

"Ọmọ yín ti dé oríta, Ìyá. Ó ń wo iná yìí. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, yóò lọ." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ju ọwọ́ Lántóró lọ. "Mo di tiyín mú. Ẹ bá mi di tèmi mú."

Lántóró dìde. Ó rìn dé ààrò, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ inú ìda lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó kù nínú ìkòkò, ó sì lọ síbi àmù. Ìjàlọ ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń já a jẹ, kò yẹ̀. Ó gbé ẹyin kìíní, ó gbé èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó gbọ̀n gan-an, ṣùgbọ́n ìda mú ẹyin mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọn kò bọ́. Ó tẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri lókè, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì fi ìda yí wọn ká. Àwọn ìjàlọ tó gun ògiri dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ wọn rì sínú ìda rírọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i, wọ́n pẹ̀yìn dà.

Bí Lántóró ṣe yíjú padà ló rí Àjọkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí ìyá ti tò sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sọnù. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ìda, Àjọkẹ́ sì tú ọmọ náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Kò bẹ̀rù pé yóò bọ́.

"Díẹ̀ ló kù kí n kọjá lọ, Ìyá mi," ni Àjọkẹ́ wí. "Mo ní ó lè jẹ́ iná àlejò ni. Nígbà tó wá ń mì, tó ń mì, tí kò kú, mo ní ọwọ́ ìyá mi ló dì í mú."

Lántóró gbójú sókè sí àtẹ́rígbà. Àbẹ́là ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán, ọmọńlé ṣì dì í mú.

"Ọmọ mi kejì ni," ó wí.

Láti ọjọ́ náà ni ara ọmọńlé ti rí bí ìda, tí kò dúdú mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mú ògiri, tó lè rìn lórí àjà kó dojú kọlẹ̀ kó má bọ́, tó sì ń lẹ ẹyin rẹ̀ méjìméjì mọ́ ara ilé, nígbà tí alángbá ṣì ń rì tirẹ̀ sínú ilẹ̀ níta títí di òní. Bí ẹ bá sì rí i ní ìrọ̀lẹ́, tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tí kò lọ tí kò bọ̀, ẹ má ṣe gbé ìgbálẹ̀. Ẹnìkan tó jẹ́ tiyín ló ṣì wà lọ́nà, tí kò tíì wọlé.